Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì: Ọmọ Ẹ̀gbá tó kàwé, tó padà wá kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lónìí, ohun mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èkíní ni pé òun ni ìyá Fẹlá, olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì ni pé òun ni obìnrin tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀kẹta ni pé òun ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin Aláké nítorí owó orí.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n ń rántí yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alẹ́ tí yóò dára, àárọ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n. Kí ó tó di pé orúkọ ìyá yìí dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn Òyìnbó aláṣẹ tó máa bẹ̀rù rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ni, tó ń gbé síléètì lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé igbá lọ sọ́jà. Ìtàn bó ṣe kàwé, àti ohun tó fi ìwé náà ṣe nígbà tó parí rẹ̀, ló yẹ kí àwọn òbí tó ní ọmọbìnrin nílé gbọ́.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà

Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Frances Abigail ni orúkọ tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fúnmiláyọ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀, Daniel Thomas, jẹ́ àgbẹ̀, ó sì ń ṣòwò epo pupa àti èkùrọ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, Lucretia Ọmọ́yẹni.

Àwọn ará ilé náà kì í ṣe àjèjì sí ìyà. Sarah Táíwò, tó jẹ́ ìyá bàbá àgbà rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Orí bá a ṣe é, ó bọ́ lóko ẹrú, ó sì padà wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun ni wọ́n mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó di onígbàgbọ́ nínú ẹbí náà.

Irú àwọn tó padà wálé báyìí, tí a ń pè ní Sàró, pọ̀ ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà náà. Àwọn ni wọ́n bá àwọn oníwàásù Òyìnbó ṣe é tí ìwé kíkà fi tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ dé ìlú náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1859, ó ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ.

Síbẹ̀, bí ìwé ṣe tètè dé Abẹ́òkúta tó yìí, àwọn ọmọkùnrin ló jẹ èrè rẹ̀ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sọ nígbà náà ni pé ilé ìdáná ni ìwé obìnrin máa parí sí. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ kò bá kárí, ọmọkùnrin ni wọ́n máa fi sílé ìwé, ọmọbìnrin á sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Daniel Thomas àti ìyàwó rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Lójú tiwọn, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, àtọkùnrin àtobìnrin ló yẹ kó mọ̀wé.

Ọdún 1914: obìnrin wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin

Ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Grammar School. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní 1914, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́fà péré ni wọ́n gbà wọlé lọ́dún náà. Nínú àwọn mẹ́fà ọ̀hún, orúkọ Fúnmiláyọ̀ ló ṣáájú nínú ìwé.

Ọdún ńlá ni ọdún 1914 jẹ́ fún àwọn Ẹ̀gbá. Títí di àkókò náà, Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara wọn lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893. Ṣùgbọ́n ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, Òyìnbó gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì da Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Nàìjíríà tí Lugard ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó orí dé. Ní 1918, inú bí àwọn ará oko sí owó orí yìí àti iṣẹ́ àfipáṣe, wọ́n hú ojú irin, wọ́n sì gbé ogun dìde. Ogun náà ni àwọn àgbà ń pè ní Ogun Adùbí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ.

Àárín ìgbà yìí gan-an ni Fúnmiláyọ̀ ń kàwé. Ọdún tí ìlẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣí fún un ni ìlẹ̀kùn òmìnira tì mọ́ àwọn Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ owó orí tí ìlú ń jà lé lórí nígbà tó wà lọ́mọdé sì ni òun fúnra rẹ̀ máa padà wá dojú kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà.

Ó lọ ní Frances, ó dé ní Fúnmiláyọ̀

Ní 1919, ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Fúnmiláyọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire, ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ni. Wọ́n kọ́ ọ ní orin, aṣọ rírán, èdè Faransé, ìtọ́jú ilé, àti bí ènìyàn ṣe ń la ẹnu sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a bá wò ó dáadáa, irú ẹ̀kọ́ báyìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn láti bá ìjọba jà. Ẹ̀kọ́ tó ń sọ ọmọbìnrin di ìyàwó ilé tó mọ ìwà hù láàárín àwọn ènìyàn ńlá ni. Ohun tí wọ́n retí ni pé kí ẹni tó bá kọ́ ọ padà wálé, kó fẹ́ ọkọ gidi, kó máa wọ gáùn àti fìlà Òyìnbó, kó sì máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá mu tíì nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ sí i lọ́hùn-ún. Ó pa orúkọ Frances tì. Ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun, kò sì yí ìpinnu náà padà títí ó fi kú. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ so ìpinnu yìí mọ́ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó fojú ara rẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ọ̀nà jíjìn ló ti lọ kọ́ ìwà Òyìnbó, ibẹ̀ náà ló sì ti mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá lòun.

Olùkọ́, ìyàwó olùkọ́

Ní 1922, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1925 ni òun àti Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ṣe ìgbéyàwó. Ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta kan náà ni ọkọ rẹ̀ ti jáde, kó tó lọ gba oyè nílé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Sàró. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, òun ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1932 ló wá di ọ̀gá àgbà ní girama Abẹ́òkúta, àwọn méjèèjì sì padà sílé. Ọkùnrin yìí náà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: Dolupo, Olikoye tó padà di mínísítà ètò ìlera, Fela, àti Beko tó jẹ́ dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn.

Ohun tí àwọn tó mọ̀ wọ́n máa ń tọ́ka sí ni pé ọkọ kò fi ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ bí ẹni fi ọmọdé sábẹ́. Wọ́n jọ ń gbìmọ̀ ni, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ títí ikú fi mú ọkọ lọ ní 1955. Nígbà tí mọ́tò wọ ilé wọn láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìyàwó náà jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì ń wà á kiri ìgboro, ohun tí ojú kò rí rí.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò wọ́pọ̀ rárá lásìkò náà. Ó kó àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tíì tó ilé ìwé í lọ jọ, ó ń kọ́ wọn. Ó wà lára àwọn kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó tún ṣètò kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn obìnrin.

Ní 1932 kan náà, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Abeokuta Ladies Club. Àwọn obìnrin tó kàwé, tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ olùkọ́ tàbí ìyàwó ènìyàn pàtàkì, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ nípa aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, wọ́n sì ń ṣàánú. Ẹgbẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó ti rí jẹ ni. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ní ọjà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ tó ní kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé

Ohun tó yí ìtàn padà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí kò mọ̀wé. Ọ̀rẹ́ náà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìtàn sọ pé láti ara ẹ̀bẹ̀ yìí ni Fúnmiláyọ̀ ti rí i pé ohun tí ẹgbẹ́ òun ń ṣe kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Ó wá ṣí kíláàsì sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà fún àwọn ìyá ọlọ́jà.

Àwọn obìnrin tó ti ń tajà láti òwúrọ̀ wá ń jókòó bí ọmọdé, wọ́n ń kọ́ a, b, d. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìwé ni wọ́n ń sọ ohun tójú wọn ń rí. Olùkọ́ ń kọ́ wọn ní ìwé, àwọn náà sì ń kọ́ olùkọ́ ní ohun tí kò mọ̀ nípa ọjà. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, ìrẹsì wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ogun bojú, wọ́n ń gba ẹrù náà láì san owó tó yẹ.

Fúnmiláyọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ. Nígbà tí èyí kò mú èso wá, wọ́n gbé e lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ariwo ta, ìjọba sì dáwọ́ gbígba ìrẹsì dúró. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹnu àwọn lè tólẹ̀ bí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀.

Ní 1946, wọ́n yí ẹgbẹ́ náà padà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, Abeokuta Women's Union. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin, ìbáà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tàbí ẹni tí kò mọ a. Wọ́n ṣírò pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, àwọn tó sì ń tì wọ́n lẹ́yìn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó bọ́ gáùn, ó wọ ìró àti bùbá

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kà sí nínú ìtàn yìí ni aṣọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ di ti gbogbo obìnrin, Fúnmiláyọ̀, tó lọ kọ́ ìwà ọlọ́lá ní Cheshire, kò wọ aṣọ Òyìnbó mọ́. Ìró, bùbá àti gèlè ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. Ó tún ní èdè Yorùbá lòun yóò máa fi sọ̀rọ̀ ní gbangba. Bí Òyìnbó aláṣẹ bá wà níbẹ̀, kí ó wá ògbufọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú lọ. Ìdí tó fi ń sọ Yorùbá ni kí ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, kó má baà dà bí ẹni pé àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìwé tó kà wúlò nígbà tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba tàbí sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìwé náà di ògiri láàárín òun àti àwọn tí kò kà á.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló wá dán gbogbo rẹ̀ wò. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó orí lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, láti ìgbà tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀sùn tó dun àwọn obìnrin jù ni pé àwọn agbowó-orí ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó owó í san. Àwọn obìnrin sì ń bèèrè pé bí àwọn bá ń san owó, kí ló dé tí kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an?

Ìbéèrè onímọ̀ ìṣirò ni èyí. Ẹgbẹ́ náà tiẹ̀ wá ẹni tó mọ ìṣirò owó kó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí èsì kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tú jáde. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ dúró sí ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n jí síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ní 1948, ìjọba dáwọ́ gbígba owó orí obìnrin dúró, Aláké Ladapọ̀ Adémọlá Kejì sì kúrò ní ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, ó fi orí oyè sílẹ̀. Kábíyèsí padà sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950, wọ́n sì wà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi wàjà ní 1962. Àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Fúnmiláyọ̀ wà lára wọn.

Nínú ọdún 1947 kan náà ló bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC, tí Nnamdi Azikiwe ṣáájú, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ọdún 1922 ló ti kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ló padà débẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí láti wá sọ fún wọn ohun tí ìjọba wọn ń fi ojú àwọn obìnrin Nàìjíríà rí.

Ohun tó kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Àwọn ohun tó tẹ̀lé èyí pọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1968, ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970. Ìyà náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò gbádùn mọ́. Ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978 ló dágbére fún ayé lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta ṣì wà ní Ìdí-Abà. Wole Soyinka tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 kà níbẹ̀, Fẹlá náà kà níbẹ̀. Ní 2024, fíìmù tí Bolanle Austen-Peters ṣe nípa ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ wọ ilé sinimá káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ju ìyá Fẹlá lọ sì wá mọ orúkọ tirẹ̀.

Ní àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ewékorò, bàbá àti ìyá ṣì wà tí wọ́n ń ṣírò owó ilé ìwé lálẹ́, tí wọ́n ń wo ojú ọmọkùnrin, tí wọ́n ń wo ojú ọmọbìnrin. Kí irú wọn rántí pé ní 1914, àgbẹ̀ kan tó ń ta epo àti ìyàwó rẹ̀ aránṣọ jókòó báyìí rí, wọ́n sì fi ọmọbìnrin wọn sílé ìwé. Wọn kò lè mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ni ọmọ yẹn máa padà wá jẹ́ ẹnu fún.